Wọ́n Ní Kọ̀ǹpútà Wa Ti Kú, Ó Sì Ń Ṣiṣẹ́

Ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi kò jìnnà sí géètì Estate Agbára. Láti ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wọlé tó ń jáde ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń dúró láàárọ̀ Mọ́ńdè pé bóyá wọ́n á gba òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ni oníbàárà àǹtí mi. CV ni wọ́n ń wá tẹ̀, tàbí kí wọ́n wá ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí WAEC wọn, tàbí kí wọ́n fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Nínú owó tó ń wọlé níbẹ̀ ni àǹtí mi ti ń san lára owó ilé ìwé mi láti 100 level.

Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi tó kọjá, ó pè mí jókòó.

"Ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àwọn méjèèjì ti kú. Ó ní Windows tó wà lórí wọn ti parí, èyí tuntun ò sì ní gbà láti wọlé sára wọn, pé èyí tó tún ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn á le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí n ta méjèèjì fún òun, kí n wá owó kún un, kí n lọ ra tuntun. Ìwọ tó o wà ní yunifásítì, ṣé òótọ́ ló ń sọ?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà wọ́n," ni mo wí.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan nínú òkú méjèèjì ń tẹ CV ọmọkùnrin kan jáde lọ́wọ́.

Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi sọ, nítorí irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ní ẹ̀ka yìí ń lò, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ fún wa. Èrò mi kò gùn: ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe Windows fi ń wọn ẹ̀rọ wa kì í ṣe ìwọ̀n iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn iṣẹ́ wa ká tó gbà pé ẹ̀rọ wa ti kú.

Kí ni wọ́n ń béèrè gan-an?

Windows ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà: òun ló ń jẹ́ kí ọpọlọ ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ àti bọ́tìnnì ìtẹ̀wé rẹ̀ gbọ́ ara wọn yé. Windows 11 jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, 2021. Ó ń fẹ́ RAM 4GB ó kéré tán, àyè ìpamọ́ 64GB, ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti káàdì àwòrán tó gbọ́ DirectX 12, tí dráífà rẹ̀ sì jẹ́ WDDM 2.0. Ní ti ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó bá jẹ́ Intel, ìran kẹjọ ló bẹ̀rẹ̀ láti máa gbà, yàtọ̀ sí díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Ọdún 2017 ni ìran kẹjọ yìí jáde.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, 2025, àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dópin. Ìyẹn ni pé wọn kò tún fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ètò àfikún lè máa rí i gbà títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá, 2026.

Ọ̀kan nínú láptọ́ọ̀pù àǹtí mi jẹ́ ìran kẹfà, ó ní RAM 8GB. Èkejì jẹ́ ìran kẹrin, 4GB ni tirẹ̀. Ẹ wo ohun tó yà mí lẹ́nu: èyí tó jẹ́ ìran kẹfà yege nínú ìdánwò àwòrán. Káàdì tó wà nínú rẹ̀ gbọ́ DirectX 12 dáadáa. RAM rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n béèrè. Orúkọ ọpọlọ rẹ̀ ni kò sí nínú ìwé. Ẹni tó sọ fún àǹtí mi pé "kò lágbára mọ́" kò wo agbára rẹ̀ rárá.

Ohun kan tún wà tó yẹ ká mọ̀ nípa àwòrán. Èyí tó pọ̀ jù nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Ìkẹjà kò ní káàdì àwòrán tó dá dúró. Ẹ̀yà tó ń ya àwòrán wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, inú RAM tí gbogbo iṣẹ́ yòókù ń lò ni òun náà ti ń yá àyè. Nítorí náà, nígbà tí ètò adarí bá ń ṣe ojú fèrèsé bíi dígí, tó ń mú kí nǹkan máa yọ́ wọlé, máa yọ́ jáde, lára 4GB yẹn kan náà ló ti ń jẹ. Ìgbà tí ẹ bá ṣí ìwé kan àti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, tí kọ̀ǹpútà wá ń fà bí ìgbín, ẹ má ṣe sáré sọ pé arúgbó ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹrù ẹwà ló wúwo lórí rẹ̀.

Dígí ọdún 2007

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Àwa tá a ti lé ní ogún ọdún wà lọ́mọ ọwọ́ nígbà tí irú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀.

Windows Vista dé ọjà gbogbogbòò ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní, 2007. Ẹwà rẹ̀ tó ga jù ni wọ́n ń pè ní Aero: etí fèrèsé rẹ̀ mọ́ gaara bíi dígí, èèyàn á máa rí ohun tó wà lẹ́yìn. Láti rí dígí yìí, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní káàdì àwòrán tó gbọ́ DirectX 9, dráífà irú tuntun tí wọ́n ń pè ní WDDM, àti ìwọ̀n 128MB fún àwòrán nìkan. Lójú wa lónìí, nǹkan kékeré ni. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà lórí àtẹ ni kò ní i.

Kí Vista tó jáde, ilé iṣẹ́ Microsoft ṣe ìlẹ̀mọ́ méjì fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà. Ọ̀kan ní "Vista Capable", èkejì ní "Premium Ready". Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, iṣẹ́ wa dé! Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà "lè" gbé Vista. Èkejì ní ó ti "ṣetán". Ẹ mọ bí "lè" ṣe rí nínú èdè wa náà: "ó lè gbé e" lè túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ ká a, ó sì lè túmọ̀ sí pé bóyá á gbé e, bóyá kò ní gbé e. Ẹni tó ń tajà mọ èyí tó ní lọ́kàn. Ẹni tó ń rajà gbọ́ èyí tó ń fẹ́.

Ní 2006, Microsoft rọ ìlànà ìlẹ̀mọ́ àkọ́kọ́ yìí lójú, tó fi jẹ́ pé àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo ẹ̀yà Intel 915, tí àwòrán rẹ̀ kò lè ṣe dígí yẹn láéláé, náà rí "Capable" lẹ̀ mọ́ ara. Vista wọlé sára wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n láìsí ẹwà tí wọ́n fi polówó rẹ̀. Àwọn oníbàárà gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ ní ìlú Seattle ní 2007. Lẹ́tà abẹ́lé tó jáde nínú ẹjọ́ náà fi hàn pé ọ̀gá kan nínú Microsoft fúnra rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà $2,100, ó sì ráhùn pé kò wúlò fún òun ju kí òun fi ka ímeèlì lọ. Ní 2009, adájọ́ ní àwọn oníbàárà kò lè pe ẹjọ́ náà pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kan mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ìparí rẹ̀. Nígbà tí Windows 8 jáde ní 2012, wọ́n yọ dígí yẹn kúrò. Wọ́n ní àṣà rẹ̀ ti kọjá. Ohun tí àwọn èèyàn fi owó gidi ra káàdì àwòrán tuntun fún kò lò ju ọdún mẹ́fà lọ. Nígbà tí Windows 11 dé, wọ́n tún mú irú dígí mìíràn padà wá. Ẹni tó bá ń sáré tẹ̀ lé e lọ́dọọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní sinmi, àpò rẹ̀ kò ní kún.

Èyí tó ń bọ̀

Ní oṣù karùn-ún 2024, Microsoft kéde ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n pè ní Copilot+ PC. Òun ń fẹ́ RAM 16GB, àyè 256GB, àti ẹ̀yà pàtàkì kan tó lè ṣe ìṣirò trílíọ̀nù 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fún iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá. Kì í ṣe dandan pé Windows tó ń bọ̀, orúkọ yòówù kó máa jẹ́, á béèrè gbogbo èyí lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n kọjú sí nìyẹn, àwọn tó ń tajà sì ti ń fi dẹ́rù bà wá.

Iye tí irú kọ̀ǹpútà yìí bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó jáde ni $999. Ẹ jẹ́ ká ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500: ó sún mọ́ mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ náírà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí láti 2024 ni ₦70,000. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yìí á ṣiṣẹ́ oṣù méjìlélógún, kò ní jẹun, kò ní wọ mọ́tò, kó tó lè rà á. Ọmọkùnrin tó ń tẹ CV lọ́dọ̀ àǹtí mi, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jù ìyẹn lọ ló ń wá.

Kí ni iṣẹ́ tiwa ń béèrè?

Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi dá lórí ohùn nínú ẹ̀ka èdè Àwórì, èdè àwọn tó ni ilẹ̀ lágbègbè wa. Mo gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, mo wá fi Praat wọ̀n ọ́n. Praat ni sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, tí gbogbo wa mọ̀ láti kíláàsì fònẹ́tíìkì. Àwòrán ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń ya bí ohùn ṣe ń gòkè, bó ṣe ń dúró láàárín, bó ṣe ń wálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán yẹn kò fẹ́ dígí. Ohùn ìṣẹ́jú kan, tí a gbà sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí a ń lò, kò ju bíi 5MB lọ. Wákàtí mẹ́wàá kò tó 4GB. Láptọ́ọ̀pù ìran kẹrin ti àǹtí mi ni mo fi ya gbogbo àwòrán tó wà ní orí kẹrin iṣẹ́ mi, kò sì kọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Àwòrán kejì tí iṣẹ́ wa ń béèrè ni lẹ́tà fúnra rẹ̀. A kì í rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà tó wà lójú kọ̀ǹpútà, yíyà ni kọ̀ǹpútà yà á. Nínú Unicode, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ọ" náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ̀" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. "Ẹ" ni kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ mú, á wá mú àmì ohùn ìsàlẹ̀, á gbé e lé e lórí. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ ibi tó yẹ kí àmì náà wà, á já sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹ ti rí i nínú iṣẹ́ àṣetiléwá tí ẹ tẹ̀ jáde lóru tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí kì í ṣe eré. Ẹ wo pátákó ojú ọ̀nà ìlú wa: "Agbara" ni wọ́n kọ, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ẹni tí kò débẹ̀ rí lè kà á ní agbára, ó sì lè kà á ní àgbàrá òjò. Tó bá wá jẹ́ ìgbà òjò ló dé, ọ̀nà tó bá pàdé lè mú kó rò pé èkejì ló tọ̀nà.

Káàdì àwòrán tó wọ́n jù lágbàáyé kò lè gbé àmì yẹn sáyè rẹ̀ bí fọ́ǹtì kò bá dára. Fọ́ǹtì tó dára sì jẹ́ ọ̀fẹ́: Charis SIL, Doulos SIL àti Gentium ń gbé àmì wa lé orí lẹ́tà bó ṣe yẹ, lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà. Kódà, nígbà tí Windows 7 dé, èèyàn lè yí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ sí Yorùbá. Nínú gbogbo ariwo dígí náà, èyí tó kàn wá gan-an kò fẹ́ káàdì àwòrán kankan.

Ọ̀rọ̀ ààbò ńkọ́?

Ẹnì kan á sọ pé: "Ààbò ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Kọ̀ǹpútà tí kò gba àtúnṣe mọ́, olè á wọ̀ ọ́." Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Nọ́ńbà NIN àwọn èèyàn, ọjọ́ ìbí wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń gba orí kọ̀ǹpútà àǹtí mi kọjá. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ sí wọn, orúkọ rẹ̀ ló máa bàjẹ́ ládùúgbò. Nítorí náà, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa lo Windows 10 lọ bẹ́ẹ̀ láìsí àtúnṣe ààbò.

Ṣùgbọ́n ààbò kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Linux Mint jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ń gba àtúnṣe déédéé, ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Xfce sì ń ṣiṣẹ́ geerege lórí 4GB nítorí pé kò kó ẹrù ẹwà jọ. Praat wà fún un. ELAN wà fún un. LibreOffice ń ṣí ìwé Word. Keyman, tí à ń fi tẹ Yorùbá, náà wà fún un.

Ohun tí a ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nìyí. A yọ háàdì dísíìkì àtijọ́ inú láptọ́ọ̀pù ìran kẹrin, a fi SSD sí i, a sì gbé Linux Mint lé e. Òun ló ń ṣe CV, ímeèlì àti ìwé ẹ̀dà báyìí. Èyí tó jẹ́ ìran kẹfà ṣì ń lo Windows 10, nítorí CorelDraw tí àǹtí mi fi ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó kò ní ti Linux. A forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ètò àfikún, a pa gbogbo dígí àti ìyọ́wọlé-yọ́jáde ojú rẹ̀. Nígbà tí ètò yẹn bá dópin, a ó wá òmíràn. Ọ̀kan la ó rà, kì í ṣe méjì, a sì ti ń tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ rọrùn. Odindi ọjọ́ kan ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi kọ̀ láti gbọ́ ti Linux. Ọmọ iṣẹ́ àǹtí mi ń béèrè fún bíi ọjọ́ mẹ́ta pé "Start dà?" Lọ́jọ́ kẹrin, kò béèrè mọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ wá sí

Ẹ rántí ibi tí kọ̀ǹpútà tí a bá sọ nù ń lọ. Ní Alaba, lójú ọ̀nà Badagry tí à ń gbà lọ sí Agbára yìí kan náà, àwọn ọmọdékùnrin ń tú ẹ̀rọ palẹ̀, wọ́n ń sun wáyà láti mú bàbà inú rẹ̀. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kópa nínú rẹ̀ fi hàn pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ tòkunbọ̀ oníná ló ń wọ Nàìjíríà lọ́dún kọ̀ọ̀kan ní 2015 àti 2016. Ilé iṣẹ́ Canalys ṣírò rẹ̀ ní 2023 pé òpin Windows 10 lè sọ kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 240 di pàǹtí. Èyí tí wọ́n bá kọ̀ lókè òkun, ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ̀. Bí àwa náà bá tún kọ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ibo ló kù tó máa lọ?

Ìbẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀ka wa jẹ́ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí àwọn olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, máa gba iṣẹ́ tí a ṣe pẹ̀lú LibreOffice, kí wọ́n má ṣe sọ Word di dandan. Ìkejì, kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ya Sátidé kan sọ́tọ̀ nínú sáà yìí fún ẹni tó bá fẹ́ gbé Linux, Keyman àti fọ́ǹtì tó dára lé láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Mo ti ṣetán láti bá wọn ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Ìkẹta, kí a sọ fún àwọn ọmọ 100 level ṣáájú kí wọ́n tó lọ ra kọ̀ǹpútà pé iṣẹ́ wa kò fẹ́ ju ohùn, lẹ́tà àti ìwé lọ. Èyí tó bá ti lè ṣe mẹ́ta yìí láìséwu, ó tó.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ níléèwé, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù láti dágbére. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe náà wà níbẹ̀. Ó wo ojú láptọ́ọ̀pù ìran kẹrin, ó ní, "Madam, ẹ ti ra tuntun nìyẹn?"

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín. "Òkú tẹ́ ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ mi náà ni."